Gèlè Lórí Fèrèsé, Ìró Lórí Àga

Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìjẹ̀bú, níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Wọ́n ní nígbà kan, nínú àpótí obìnrin kan, gèlè àti ìró bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Gèlè ní òun lọ̀gá. Ó ní, "Ṣé ẹ rí ibi tí wọ́n máa ń gbé mi sí? Kò sí ohun tó tún wà lókè mi àfi sánmà." Ìró rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ gèlè, bí olúwa wa bá gbàgbé rẹ sílé, wọn á ní ó kánjú jáde ni. Bó bá gbàgbé èmi sílé ńkọ́?" Bùbá tó wà láàárín wọn ní kí wọ́n yọ òun sílẹ̀, òun ò sí nínú ìjà ará òkè àti ará ìsàlẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, àpótí ń mì, eku tó wà lábẹ́ rẹ̀ sá lọ.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà máa ń dúró sí. Wọn á gbọn aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn á ta á sórí okùn, wọn á wá bi àwa ọmọ pé, "Ta ló jàre?" Àwọn kan á ní gèlè, àwọn kan á ní ìró. Èmi, nítorí pé ìbéèrè dùn mọ́ mi ju ìdáhùn lọ láti kékeré, mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, ọ̀já ńkọ́? Ṣé ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ ò sí nínú àpótí náà ni?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló wá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ń gbọ́ wọn."

Mo gbé ìtàn yẹn dé Manchester láìmọ̀ pé mo gbé e dání, bí èèyàn ṣe ń gbé iyanrìn inú bàtà sọdá òkun.

Iṣẹ́ tí mo wá rí ṣe lẹ́yìn tí ìlú òyìnbó ti mọ̀ mí lára díẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń bá èèyàn kọ́ kọ́tìnì sí fèrèsé. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Stockport ló gbà mí. Àwọn obìnrin ń ránṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, èmi ń gbé àkàbà àti irin kọ́tìnì kiri nínú ọkọ̀, láti Stockport dé Salford, dé àwọn abúlé tó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òkè. Iṣẹ́ tó wù mí ni, nítorí ó ń jẹ́ kí n rí inú ilé onílé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òyìnbó kì í pe èèyàn wọlé bẹ́ẹ̀ yẹn. Aládùúgbò rẹ lè máa kí ọ látẹnu ọ̀nà lọ́dọọdún kí o má mọ àwọ̀ ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbé àkàbà dání, wọn á ṣílẹ̀kùn fún ọ, wọn á tún fi tíì lọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan nìyẹn, opó, tí ilé wọn wà ní ìkángun ìlú, níbi tí ilé ti ń tán tí pápá àgùntàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, a sọ wọ́n ní Màmá Stockport. Pálọ̀ wọn rú mi lójú. Kọ́tìnì ibẹ̀ jẹ́ olódòdó ńláńlá, òdòdó pupa tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àga gígùn jẹ́ onílà gbọọrọ-gbọọrọ. Àga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí wọ́n ń yá jẹ́ onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́ bíi yunifọ́ọ̀mù ọmọ jẹ́léósinmi. Tìmùtìmù orí àga, ọ̀kan ní òdòdó kéékèèké, ọ̀kan ní àmì tóótòòtó, ọ̀kan tún wà tí wọ́n fi àjákù aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀. Aṣọ tábìlì ò bá ìkankan nínú wọn tan.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, áà, ìyá yìí ò lẹ́nìkan. Nítorí ní ilé tiwa, bí pálọ̀ bá rí báyẹn, a ti mọ̀ pé wọ́n ń tọrọ aṣọ ni. Pálọ̀ ẹni tó mọyì ara rẹ̀, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń bára mu: gbogbo àga á wọ aṣọ kan náà, kọ́tìnì á bá àga mu, rọ́ọ̀gì á bá kọ́tìnì mu, bàbá onílé gan-an á sì fẹ́ kí fìlà òun má yàtọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Manchester ṣe rí. Àga awọ dúdú, kọ́tìnì aláwọ̀ wúrà, òdòdó oníke, ó parí. Ṣùgbọ́n mo wo ilé Màmá Stockport láti ilẹ̀ dé àjà, kì í ṣe ilé aláìní. Pákó ilẹ̀ ń dán. Aago ògiri ń ró bí aago ààfin. Ẹni tó kó aṣọ wọ̀nyí jọ mọ ohun tó ń ṣe.

Orí àkàbà ni mo wà tí mo ti bi wọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé aṣọ ló tán lọ́jà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sínú àwo abẹ́ ife. Wọ́n ní, "Love, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ṣa wọ́n jọ." Ẹ má bínú sí i, love ni gbogbo èèyàn ń jẹ́ ní apá ibẹ̀. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ní irùngbọ̀n bí igbó ti pe èmi náà bẹ́ẹ̀ rí.

"Báwo lẹ wá ṣe ń mọ èyí tó lè bá èkejì gbé?"

Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ewé ara kọ́tìnì, wọ́n ní, "Àwọ̀ wo nìyí?" Mo ní àwọ̀ ewé. Wọ́n nawọ́ sí ìlà tín-ín-rín kan lára àga gígùn. Àwọ̀ ewé. Etí tìmùtìmù, àwọ̀ ewé. Ìdí òdòdó orí aṣọ tábìlì, mi ò dúró kí wọ́n bi mí.

"Àwọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà tó mọ gbogbo wọn," ni wọ́n wí. "Kí àwòrán ńlá wà, kí kékeré wà, kí èyí tí kò láwòrán rárá náà wà, kí ojú lè ríbi sinmi sí."

Mo padà gun àkàbà mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò bá mi gòkè. Mo ń rò ó pé ẹbí bẹ́ẹ̀ wà tí mo mọ̀, tí ìwà wọn ò jọra rárá, tí wọn ì bá ti tú ká tipẹ́, àfi torí ìyá kan tó wà láàárín tí gbogbo wọn mọ̀.

Ó wá yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní Openshaw, àdúgbò wa ní Manchester, lákòókò yẹn.

Ìyá ìyàwó mi ti kú ní Abẹ́òkúta lọ́dún tó ṣáájú. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n yìí ló pín aṣọ ìyá wọn, bó ṣe yẹ kí àkọ́bí ṣe. Ará ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń ti ilé bọ̀ ló bá wa gbé ìpín ìyàwó mi wá. Gèlè aṣọ òkè wà níbẹ̀, àlàárì pupa àti ẹtù dúdú. Àwọn ìró àdìrẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n ti rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Bùbá léèsì wà níbẹ̀, àǹkárá tó ti rí ayé wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ò lè wọ̀ wọ́n. Màmá rẹ̀ sanra, òun tín-ín-rín, òtútù Manchester náà ò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ àdìrẹ. Ó kó wọn sínú àpótí, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ilé bíríkì àtijọ́ tó so mọ́ra ni ilé wa, ọ̀rinrin a sì máa gba ara ògiri rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ kan tó ṣí àpótí, etí gèlè kan ti bu, ó ti hu àmì dúdú wínníwínní. Ó jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ gèlè náà sórí itan.

"Dádì, bí mo bá tọ́jú wọn báyìí, wọ́n á jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá sì gé wọn, Ẹ̀gbọ́n mi á ní mo gé Màámi."

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bàbá wọn ti lọ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ló kù fún un nínú ilé tí wọ́n bí i sí, ohùn wọn lórí fóònù lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday ni ilé náà. Bí ohùn yẹn bá tutù sí i, kò tún síbi tó ń lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n sì ń bọ̀. Ọmọ wọn ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ní Salford, wọ́n fẹ́ wá wo bó ṣe máa gboyè, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n á sì dé sí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á wá ní, "Aṣọ Màámi ńkọ́?" Ìyàwó mi á ní, "Ó wà, mà."

Mo sọ ti pálọ̀ Màmá Stockport fún un. Ó ní, "Kí pálọ̀ mi wá dà bíi ti alágbe?"

Mo ní kó kọ́kọ́ wò ó ná.

Ní Sátidé kan tí iṣẹ́ ò pọ̀, mo gbé e lọ. Ó di aṣọ díẹ̀ sínú ọ̀rá dání, ó sì fi ọ̀rá náà mọ́ àyà bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á. Màmá Stockport tẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé orí àǹkárá àtijọ́ náà, ọwọ́ wọn dúró.

"Mo mọ irú èyí," ni wọ́n wí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àbúrò ìyá àwọn ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ, kò jìnnà síbẹ̀. Aṣọ ẹyẹ, aṣọ àwòrán rìbìtì-rìbìtì, àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ wọ̀ ní Stockport. "A máa ń bi í pé, ta ló ń wọ gbogbo èyí? Á ní òun ò mọ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó o sí." Wọ́n gbójú sókè wo ìyàwó mi. "Àṣé ẹ̀yin ni."

Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá àǹkárá yẹn gan-an wà lára wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, ìyàwó mi ń wo òjò lójú gíláàsì, ó ní, "Dádì, ó ṣeé ṣe kí aṣọ yìí ti gbé ibí rí kó tó lọ bá Màámi." Nígbà tí a délé, ó yọ sísọ́ọ̀sì.

A kó ìyókù lọ bá Màmá Stockport, àwọn ló bá a wá àwọ̀ tó mọ gbogbo wọn. Aró ni. Kò sí aṣọ kan nínú àpótí yẹn tí aró ò ti fọwọ́ kàn, kódà àlàárì pupa ní ìlà aró wẹ́rẹ́ létí. Wọ́n tún bá a ronú èyí tó máa lọ síbí àti èyí tó máa lọ sọ́hùn-ún. Gèlè aṣọ òkè nípọn, ó lè ru èèyàn, kó lọ sórí ìjókòó. Àdìrẹ fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, kó lọ sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá gbé aṣọ náà fún ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ kọ́tìnì, bó ṣe máa wí nìyẹn. Bí èmi náà ṣe wí nìyẹn.

Ìyàwó mi rán, mo kọ́ ọ. Nígbà tó parí, a dúró sẹ́nu ọ̀nà à ń wò ó bí ẹni tó wá kí ara rẹ̀ nílé. Àwòrán ẹyẹ ń wo ìlà, ìlà ń wo òdòdó léèsì, aró ń rìn láàárín wọn bí onílé tó ń kí àlejò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá ṣe ìpàdé àdúrà ní ọ̀sẹ̀ náà. Arábìnrin kan ní, "Ẹ̀yin ará yìí, ṣé ṣọ́ọ̀bù aláṣọ lẹ fẹ́ ṣí ni?" Èkejì ní, "Ó wù mí o, àmọ́ bí mo bá dán an wò, ọkọ mi á pe àwọn ẹbí mi." Pásítọ̀ wa, tó ga, tẹ orí ba lábẹ́ kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ògo fún Ọlọ́run, ó dà bí àgọ́ àjọ inú Bíbélì." Inú ìyàwó mi dùn. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ṣáá. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, ó ń wo kọ́tìnì.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n dé. Mo pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú, mo dọ̀bálẹ̀ dé ìwọ̀n tí ẹrù àwọn èèyàn gbà mí láyè, mo gbé wọn wálé. Wọ́n bọ́ bàtà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n nawọ́ kí wọ́n ṣí kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ọwọ́ wọn sì dúró lára rẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á.

"Ṣé ìró Màámi kọ́ nìyí?"

Ìyàwó mi jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Òun ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"O gé e."

"Mo gé e, mà." Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọbẹ̀ ń kán láti ara ṣíbí sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ta ní kó o kúnlẹ̀? Dìde jàre. Èmi náà ti gé tèmi. Mo fi rán bùbá fún àwọn ọmọ mi, ó kù díẹ̀ kí n rán ti ajá. Aṣọ tí a ò gé, ṣé kòkòrò la fẹ́ kó máa wọ̀ ọ́?"

Mo gbọ́ tí ìyàwó mi mí kanlẹ̀. Èmi náà mí. A rò pé ó ti tán. Mo ní, "Ẹ wọlé, mà, ẹ jókòó, ọ̀nà jìn."

Wọn ò tẹrí ba lábẹ́ kọ́tìnì. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Wọ́n yí pálọ̀ ká, wọ́n ń fọwọ́ kan èyí, wọ́n ń fọwọ́ kan tọ̀hún. Wọ́n dé iwájú àga gígùn, wọ́n dúró.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

"Níbo?"

"Ibi tó bá wù yín, mà."

"Àna mi, ibi tó wù mí ò sí níbẹ̀." Wọ́n kọjú sí àbúrò wọn. "Gèlè àlàárì Màámi rèé, èyí tí wọ́n wé lọ́jọ́ tí a fi ọ́ fọ́kọ. Òun lo fẹ́ kí n gbé ìdí lé?"

Ìyàwó mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò tíì parí.

"Gèlè tí a ò jẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láyé Màámi! Ẹ tún wá gbé ìró wọn kọ́ sókè, kí gbogbo ayé máa gba abẹ́ rẹ̀. Ta ló ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá?"

Èmi àti ìyàwó mi wo ara wa. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mà," ni mo wí.

"Pásítọ̀ ńkọ́?"

"Pásítọ̀ náà, mà."

"Ṣé ara wọn le?"

"Ara wọn le, mà. Ìwàásù ọjọ́ náà ló ṣáà gùn díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ le ojú sí i, ẹnu wọn ò gbà fún wọn. Ẹ̀rín bú jáde, wọ́n rín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ibi tí ẹ̀rín náà ti ń lọ ni ó ti di ẹkún, bó ṣe máa ń rí nílé tí ọ̀fọ̀ ò tíì tán. Ìyàwó mi dì mọ́ wọn. Lórí ìdúró ni wọ́n ti sunkún náà, nítorí kò síbi tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyanu ń ṣe mí. Gígé la bẹ̀rù, kì í ṣe gígé ló dùn wọ́n. Kò sí èyí nínú àwa méjèèjì tí kò mọ̀ pé a kì í jókòó lé gèlè. Bí mo bá jókòó lé ti ìyá mi ní kékeré, kí n tó dìde, etí mi á ti máa hó. A sì gbàgbé. A wo bó ṣe nípọn, a wo bó ṣe fẹ́lẹ́, a wá àwọ̀ tó mọ gbogbo wọn, a ò béèrè ibi tí aṣọ gbé lára ẹni tó ni ín.

Nígbà tí wọ́n nu ojú wọn tán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ẹ̀yin, báwo lẹ ó ṣe tò ó?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè ibi tí ẹnu wà. "Bí Màámi ṣe ń wọ̀ ọ́ náà ni."

Wọ́n jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì wá. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń tú aṣọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá wọn. "Ibí yìí ni epo ta sí lọ́jọ́ tí Màámi ń lé ọ jáde ní kíṣìnì." "Èmi kọ́, ẹ̀yin ni." "Irọ́ lo ń pa, èmi kì í jí ẹran." Bí wọ́n bá tú u tán, èmi á gun àkàbà. Gèlè kò gùn tó fèrèsé, nítorí náà a fi ṣe aṣọ fífẹ̀ díẹ̀ tó ń bo irin kọ́tìnì lókè. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo wò ó, fèrèsé wa ti wé gèlè. Bùbá léèsì di kọ́tìnì àárín, tí kò jẹ́ kí ará òde ríran. Àdìrẹ fẹ́lẹ́ jù fún ìjókòó ní tòótọ́, ṣùgbọ́n mo ní aṣọ líle tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù, a fi tẹ́ inú rẹ̀, ó sì gbé èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n rọra jókòó sórí ìró náà, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n di ojú.

"Itan Màámi nìyí," ni wọ́n wí. "Ibí yìí gan-an ni mo máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń dirun fún mi."

Ìyàwó mi jókòó tì wọ́n. Mo bọ́ sí kíṣìnì lọ wo ọbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbé kaná.

Nígbà tí mo tún bá iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá Stockport, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín nípa ti pásítọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ń wo àwọn àga wọn kiri bí ẹni tí kò wo wọ́n rí. Wọ́n mú tìmùtìmù alájàákù aṣọ yẹn, wọ́n fi ìka kan ibì kan lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Aṣọ tí ìyá mi máa ń so tí wọ́n bá ń dáná nìyí. Ibo ló yẹ kó wà?"

Mo ní, "Ibo ni wọ́n ń so ó mọ́, mà?"

Wọ́n gbé tìmùtìmù náà mọ́ ikùn, wọn ò sì gbé e sílẹ̀ títí mo fi kó àkàbà mi jáde.

Nígbà tí ọmọ wọn ti gboyè, tó kù díẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n padà sí Èkó, ni wọ́n fa àpótí náà jáde kí wọ́n wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ìró kan wà nísàlẹ̀ tí a ò tíì tú. Bí wọ́n ṣe na án, ọ̀já bọ́ jáde nínú rẹ̀, aláró, etí rẹ̀ ti gbó.

"Ibí lo wà! Mo tú gbogbo ilé Abẹ́òkúta nítorí rẹ!" Ọ̀já ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe àbúrò wọn. Wọ́n di orí rẹ̀ kan mú. Ìyàwó mi ti di orí kejì mú.

"Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi pọ̀n," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Èmi ni wọ́n fi pọ̀n kẹ́yìn, mà. Òórùn mi ló wà lára rẹ̀."

"Òórùn wo? Ìtọ̀ rẹ ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jọ̀wọ́ ọ̀já. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí mi. "Àna mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ́tìnì, ibo lẹ ó fi èyí sí?"

Mo ní ká fi so kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí òyìnbó ṣe máa ń fi àmùrè so ó. Ìyàwó mi ní apá méjì ni kọ́tìnì ní, ṣé kí a gé ọ̀já sí méjì ni? Àwọn méjèèjì wò mí bíi pé èmi ni mo mú sísọ́ọ̀sì wá. Mo ní kó lọ sẹ́yìn àga nígbà náà, ẹ̀yìn ṣáà ni ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àga wo ló ń pọn ọmọ?"

Wọn ò gbé e lọ. Wọn ò sì fi í sílẹ̀ fún wa. Wọ́n kàn ká a, wọ́n gbé e sórí itan Màámi, wọ́n lọ sí pápákọ̀. Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á wá ní, "Ọ̀já mi ńkọ́?" Ìyàwó mi á ní, "Ọ̀já wa wà, mà." Ẹ̀rín á sọ láti Èkó dé Openshaw. Ohùn yẹn ò tutù.

Àwọn ọmọ wa ti dàgbà báyìí, a ti tún ògiri kùn, ọ̀rinrin ò sì lọ. Bí oòrùn bá gbà fún wa, èmi ni mo máa ń mú ọ̀já náà jáde lọ sá ní ẹ̀yìnkùlé. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n bí ìyá àgbà ṣe ń gbọn aṣọ, mo máa ń dúró tì í. Gèlè ti rí ibi tirẹ̀ gbé, ìró ti rí ibi tirẹ̀ gbé. Òun ò tíì sọ nǹkan kan.

Ìwọ tí o ti ń bá mi bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé Ìjẹ̀bú: ọ̀já kì í ṣe ará òkè, kì í ṣe ará ìsàlẹ̀, ó sì ti gbé ọmọ ìyá méjì rí tí ìkankan ò jábọ́. Bó bá jẹ́ pálọ̀ tìẹ ni, ibo ni wàá fi í sí?